Kànga Tí Wọn Kò Kà

Nínú ìwé tí ìjọba fi ka ohun ìní wa nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ wa, wọ́n kọ ilé kan sílẹ̀: oníyàrá mẹ́rin, alámọ̀, tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tinú tẹ̀yìn, tí a sì fi páànù bò. Wọ́n kọ ilé ìdáná kan, igi kajú 31, igi máńgòrò 4, igi igbá 2, àti oko ẹ̀gẹ́ kan tí wọn kò sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó. Wọn kò kọ kànga sí i.

Kànga náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn méjì ni wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí wọ́n parí ilé náà, nígbà tí èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Abà wa wà ní ọ̀nà tí ó jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ìhà Sùúrùlérè, ilẹ̀ olókùúta sì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kan omi níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá àpáta jà. Màámi máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méje ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n, àti pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn ni ó jẹ ìdajì àkókò náà. Nínú oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí odò bá ti gbẹ, abà mẹ́ta ni àwọn obìnrin ti ń wá pọn omi lọ́dọ̀ wa, Bàbá kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà láti fi mú ọ̀nà fẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yẹn di òdo, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ka nǹkan kò dé ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Mo ń kọ èyí nítorí pé ní oṣù tí ó kọjá, mo rí àmì ọ̀dà pupa lára ògiri àwọn ilé mìíràn nínú ìlú wa, mo sì rí bí àwọn onílé ṣe dúró tí wọ́n ń wò ó, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti dúró nígbà tiwa.

Owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí wọ́n gba ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀, gbà-má-bínú ni a ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni olórí ẹbí wa pè é ní ọjọ́ tí wọ́n kó wa jọ. Mo ti ronú lórí orúkọ yìí fún ọdún púpọ̀, mo sì gbà pé ó ti pa wá lára. Gbà-má-bínú ni ohun tí ẹni tí ó fi ọ̀kadà kọ lu ọmọ mi gbé wá nígbà tí ó wá bẹ̀ mí nílé. Ẹnìkan kì í ka iye rẹ̀, ẹnìkan kì í sọ pé kò pé, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ni, inú rere ẹni tí ó mú un wá ni a sì ń wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá yá 20 àpò sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ, tí mo wá gbé 8 padà wá, tí mo ní kí o jọ̀wọ́ má bínú, ìwọ yóò bi mí pé 12 tí ó kù ńkọ́. Inú lè má tilẹ̀ bí ọ rárá, gbèsè náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Lójú tèmi, owó ilẹ̀ tí a fi agbára òfin gbà jẹ́ gbèsè, iye rẹ̀ sì yẹ kí ó jẹ́ èyí tí yóò dá ẹni tí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ padà sí ibi tí ó wà kí a tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ bí ilẹ̀ bá ti di ìjà: ọba ló nilẹ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bá láyé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀, òun ni ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀, òun ni ó ń fi ibi tí àlejò yóò gbé orí lé hàn án. Kò túmọ̀ sí pé Ṣọ̀ún lè wọ agbo ilé kan ní ọ̀sán gangan kí wọ́n sọ pé ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ti di tiwọn. Ilẹ̀ agbo ilé, ti ẹbí ni. Ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tí a kò tíì bí.

Lórí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe ẹjọ́ Amodu Tijani, tí í ṣe Olóyè Olúwa l'Ékòó. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, wọ́n sì fẹ́ san owó fún olóyè náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kàn ń ṣe alábòójútó ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó gbè wọ́n lẹ́yìn. Olóyè náà gbé ẹjọ́ kọjá òkun, Herbert Macaulay sì bá a dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dájọ́ pé àwọn ènìyàn náà ni wọ́n ni ilẹ̀ náà pátápátá, àti pé bí ìjọba bá gbà á, bí ẹni tí ó gba ohun tí àwùjọ náà ní tán ni kí ó ṣe san owó rẹ̀. 22,500 pọ́n-ùn ni ìdílé náà gbà nígbẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí nítorí pé ohun tí wọ́n jà lé lórí ni iye. Kò sí ẹni tí ó bi ìdílé Olúwa bóyá inú wọn ti rọ̀.

Òfin tí ó wà nílẹ̀ láti 1917 ń wo iye tí ilẹ̀ kan yóò pa bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ tà á lọ́jà fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Òfin Lílo Ilẹ̀, tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978, kò tẹ̀lé ìyẹn mọ́. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Abala 28 sì fún un ní agbára láti gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó, bí ire gbogbo ìlú bá béèrè fún un. Abala 29 ni ó sọ ohun tí wọn yóò san. Mo kà á nínú ọ́fíìsì lọ́yà kan ní ìhà Tákíè, ní ìgbà tí ilé wa ti wó tán. Ì bá ṣe pé mo ti kà á ṣáájú ìgbà náà.

Ohun mẹ́ta ni abala náà ń san owó lé lórí. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye tí wọn yóò san ni owó ìyálò tí ẹni tí ó ń lo ilẹ̀ náà san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á. Fún ilé àti ohun mìíràn tí a kọ́ tàbí tí a ṣe sórí rẹ̀, iye tí yóò gbà láti tún irú rẹ̀ kọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tí wọ́n gbà pé ó ti gbó kúrò. Fún ohun ọ̀gbìn, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn náà kàn bá fi lé e ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún ti àkọ́kọ́ yẹn sọ, nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó yé èmi alára. Bàbá mi kò san owó ìyálò ilẹ̀ fún ìjọba rí, nítorí pé ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń ro. Nípa bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin yìí, iye ilẹ̀ náà jẹ́ òdo. Èèkà ilẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí àwọn ènìyàn ti ń wá bi wá bóyá a ó tà á láti ìgbà tí iléèwé gíga LAUTECH ti ń mú kí ìlú wa máa fẹ̀ sí i, òdo ni. Bí a bá ti tà á fún oníṣòwò kan ní ọdún kan ṣáájú, owó tí à bá gbà ni a ó fi ra ilẹ̀ méjì sí iwájú díẹ̀. Nítorí pé a kò tà á, nítorí pé a gbọ́ràn sí Bàbá lẹ́nu tí wọ́n ní a kì í ta ilẹ̀ ẹbí, a kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀.

Ìkejì, èyí tí ó jẹ mọ́ ilé, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ jẹ́ kí a ní mílíọ̀nù 6 náírà ni yóò gba ẹnìkan láti kọ́ irú ilé rẹ̀ lónìí. Adíyelé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi iye lé ohun ìní, yóò wo ògiri, yóò wo páànù, yóò sọ pé ilé náà ti gbó tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ku mílíọ̀nù 3.6. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó ṣe òfin yìí bá mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ohun ìkọ́lé, kí ó fi páànù tí ó ti gbó dé ìdá 40 hàn mí, kí ó sì bá mi wá bíríkìlà tí yóò gba ìdá 60 owó iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ilé tí ó wó jẹ́ ilé àtijọ́. Ilé Bàbá ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ bá wọn níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ilé náà ń ṣe fún wọn kò dín ní ìdá kankan.

Báńkì Àgbáyé, nígbà tí ó bá yá ìjọba lówó fún iṣẹ́ tí yóò lé ènìyàn kúrò nílé, ní ìlànà pé iye tí wọn yóò fi kọ́ ilé tuntun ni kí wọ́n san pátápátá, kí wọ́n má yọ ti gbígbó kúrò. Ìyẹn ni pé ilé méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba lè wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, kí wọ́n san owó ọ̀kan pé kí wọ́n sì gé ti èkejì, nítorí pé àpò tí owó ti jáde yàtọ̀ síra. N kò rí bí a ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún arúgbó tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, ó ti wá yé mi pé òfin nìkan kọ́ ni ó ṣe wá. Ọjọ́ kíkà ni ó ṣe wá jù lọ. Bí òfin bá tilẹ̀ dára bí oyin, ohun tí wọn kò bá kà, wọn kò ní san owó rẹ̀. Abala 51 Òfin Lílo Ilẹ̀ yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, dárúkọ kànga ní tààràtà pẹ̀lú ọgbà, ọ̀nà àti igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀, pé ara ohun tí a ń sanwó fún ni wọ́n. Kànga Bàbá wà nínú òfin. Inú ìwé tiwa ni kò sí.

Bí ó ṣe rí nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òfin sọ pé kí wọ́n fi ìwé jíṣẹ́ fún ẹni tí ó ni ilẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí nílé rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá wá a tì nìkan ni wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yóò ti rí i. Bàbá ti di olóògbé nígbà náà. Màámi ni wọ́n wà ní abà, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan. Ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, àwọn mẹ́ta kan dé ní ọjọ́ ọjà. Màámi ti gbé gàrí lọ. Ọmọ náà, tí kò ju ọdún 15 lọ, ni ó mú wọn yí ká. Wọ́n ní kí ó dúró níwájú ilé kí ó gbé pátákó nọ́ńbà sí àyà, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Mo ṣì ní àwòrán náà, ó dúró bí ọmọ tí wọ́n mú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ka igi tí ó wà ní ojúde, wọ́n bi í bóyá ó ku nǹkan kan. Ó ní kò kù. Kò mọ̀ pé kànga jẹ́ nǹkan tí a lè san owó rẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí pé èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò mọ̀.

Igi kajú tí a ní ju 31 lọ. 46 ni. 15 tí ó kù wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí koríko ti ga, ọ̀nà tuntun sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó mọ kajú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Igi kajú kò ní so dáadáa kí ó tó pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Owó kajú ni Bàbá fi rán àwa méjì lọ sí iléèwé olùkọ́ni. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà kò tó owó èso tí igi kan ń mú wá ní ọdún méjì. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà nígbà tí mo bá a ní ọ́fíìsì wọn.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní, ó sì ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé iye ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn. Èmi kọ́ ni mo fi iye lé e."

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ ìwé iye náà?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Kò purọ́, kò sì rí mi fín. Ọmọlúàbí ọmọ ni. Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni pé kò sí ẹnìkan nínú ọ́fíìsì náà tí mo lè tọ́ka sí pé òun ni ó ṣe é. Mo bọwọ́ lu ìwé náà ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní bí n kò bá bọwọ́ lù ú, orúkọ wa kò ní bá àkọ́kọ́ tí wọn yóò san owó fún. Mo bọwọ́ lù ú láìkà á tán, mo sì ń ru ẹrù ìbọwọ́lù yẹn títí di òní.

Ẹnìkan tún wà tí ìwé náà fojú fò dá. Ìyá kan, ará Ìdómà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sunday, ni ó ń dáko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ wa láti bí ọdún mọ́kànlá. Iṣu àti àgbàdo ni ó ń fún ẹbí lọ́dọọdún ní ìṣákọ́lẹ̀. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í gbin igi tí ń pẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá gbin igi lè sọ lọ́la pé òun ni òun ni ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ ọdún yẹn nìkan ni ó ní. Òfin sọ pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí ó ń lò ó ni wọ́n jọ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá ni ó wà lórí ìwé, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni owó lọ, katapílà sì ti tú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí owó tó dé. Ó kó lọ sí ìhà Orí-Ire. Mo wá a kàn nígbà tí ó yá, mo fún un ní ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ tirẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kúnlẹ̀, bí ẹni pé mo ṣe é lóore. Ojú tì mí gidigidi. Nígbà tí mo padà sílé ni mo mọ̀ pé ohun tí ìjọba ṣe sí wa ni àwa náà ti ṣe sí i.

Ohun mìíràn wà nínú òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Abala 6 sọ pé bí wọ́n bá lo abala náà láti gba ilẹ̀ tí ẹnìkan ń fi dáko lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa fi dáko. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ní "bí ó bá ṣeé ṣe" nínú. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, akọ̀wé tí ó dá mi lóhùn gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rò pé òótọ́ ni ó sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn níbí: ẹ béèrè.

Owó náà dé ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí ilé ti wó. Ìwé òfin ìlú wa ti 1999, ní abala 44, ní kí wọ́n san irú owó bẹ́ẹ̀ kíákíá. Òfin Lílo Ilẹ̀ náà sì sọ pé bí owó ilé bá pẹ́, kí wọ́n san èlé sí i ní iye tí báńkì ń gbà. Wọn kò san èlé, a kò sì béèrè. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, owó sìmẹ́ǹtì ti gòkè, ti páànù ti gòkè, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kò kúrò lójú kan.

Pínpín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Òfin fàyè gba kí wọ́n san owó àwùjọ fún olórí rẹ̀ kí ó fi ṣe ohun tí ó bá àṣà mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Olórí ẹbí kọ́kọ́ yọ ti ẹbí, wọ́n yọ ti àwọn tí ó ṣe wàhálà. Ọ̀rọ̀ wá di bóyá ìdí-igi ni kí a fi pín èyí tí ó kù, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba dọ́gba, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba dọ́gba. Ìyàwó méjì ni Bàbá ní. Màámi bí márùn-ún, ìyá wa kékeré bí méjì. Ẹ lè fi ojú inú wo ohun tí olúkúlùkù fẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àwọn ọmọbìnrin ti lọ sí ilé ọkọ, kí wọ́n má fún wọn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń ru omi kànga yẹn nígbà tí àwa ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, dìde ní ìpàdé náà ó sì béèrè pé ṣé ilé ọkọ òun ni wọ́n wó ni. Ẹnu wa pa mọ́. A fi orí-ò-jorí pín in. Ohun tí ó kàn mí kò tó láti kọ́ ilé ìwẹ̀.

Nípa ilé ẹjọ́, lọ́yà náà ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó dojú kọ ara wọn. Abala 44 ìwé òfin ìlú sọ pé ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n bá a pinnu iye tí ó tọ́ sí i. Abala 47 Òfin Lílo Ilẹ̀ sọ pé kò sí ilé ẹjọ́ tí ó láṣẹ láti wádìí bóyá iye náà pọ̀ tó. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn lórí ilẹ̀ ni kí a gbé irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ lọ bá. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé abala 47 yẹn kò yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi kò yẹ kí ó tún jẹ́ ẹni tí yóò yan adájọ́ tí yóò sọ iye rẹ̀.

Ibi tí ilé ẹjọ́ ti ràn wá lọ́wọ́ jù ni ìdí tí wọ́n fi gba ilẹ̀. Láti 1944, nínú ẹjọ́ kan láti ìlà-oòrùn, èyí tí Ononye wà nínú rẹ̀, ni adájọ́ ti sọ pé kò tó kí ìjọba kàn kọ "fún ire ìlú" sínú ìwé. Wọ́n ní láti dárúkọ ire náà. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan ni ìjọba fẹ́ yá ilẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì kọ̀ fún wọn. Ní 1991, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Osho pé ìjọba kò lè fi orúkọ ire ìlú gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan kí ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún òwò tirẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n fi ilẹ̀ wa ṣe lóòótọ́, ọ̀nà náà sì dára. Mo ń gbà á lọ sí ibi iṣẹ́. N kò fìgbà kan rí sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ẹ̀yin tí ọ̀dà pupa wà lára ilé yín báyìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò wá kà. Ẹ ka ohun ìní yín fúnra yín lónìí, igi kọ̀ọ̀kan, kànga, ọgbà, ṣálángá, ojú gọ́tà tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì ṣe, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán wọn pẹ̀lú ọjọ́ lára rẹ̀. Ẹ fi okùn wọn ilé yín sí àárín ọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí mítà 45.72 láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì kọ́lé sínú ìwọ̀n yẹn, wọ́n lè sọ fún un pé orí ọ̀nà ni ó kọ́ ọ sí, kí wọ́n má san nǹkan kan. Ẹ béèrè ìwé, kí ẹ sì béèrè irú ire ìlú tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Bí owó yín bá tó o, ẹ gba adíyelé tiyín, kódà kí ilé mẹ́wàá dá owó jọ fún ẹnìkan. Ẹ rí i pé àgbàlagbà kan wà nílé ní ọjọ́ kíkà, ẹni tí ó mọ ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ yín, ẹ pè é kí ó wá dúró ti oko rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé kí ẹ bọwọ́ lù ú, ẹ ní ẹ ó gbé e lọ sílé kà.

Màámi ti ń bá mi gbé nínú ìlú láti ìgbà náà. Omi ẹ̀rọ wà nílé wa, wọn kò sì ráhùn. Ní oṣù tí ó kọjá, lẹ́yìn tí mo rí àwọn àmì pupa yẹn, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ tún kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà nípa kànga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́, àti pé ìṣòro mi ni pé a kò ní ẹ̀rí kankan pé ó wà rí. Wọ́n dìde láìsọ̀rọ̀, wọ́n wọ yàrá lọ. Okùn kànga ni wọ́n gbé jáde, wọ́n ká a sínú àpò gàrí. Ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò ní abà ni wọ́n tú u kúrò lára korobá.

A tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jáde dé ojúde. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ibi tí a ti ń so ó mọ́ korobá dé ibi tí ọwọ́ ti dán an. 43 ẹsẹ̀ bàtà ni. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà, mo sì kọ orúkọ Bàbá àti ti àwọn àbúrò wọn méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀.